Ọjọ́ Tí Ilé Àlàájà Gòkè

Ilé kì í gòkè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pẹ́ ní agbègbè Ajah mọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti da yanrìn bo ẹrẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ilé máa ń lọ. Bí kò bá yára lọ, á rọra lọ. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ọ̀gá Fọlárìn gbé ojú kúrò lẹ́nu awò rẹ̀, tí ó sọ pé ilé Àlàájà Sàláwà ti ga díẹ̀ ju bí a ṣe bá a nígbà tí a wá kẹ́yìn lọ, mo di ọ̀pá mi mú ní igun ilé náà, mo sì ń wo ojú rẹ̀. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń parọ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni a jọ ń ṣe. Òun ni ó kọ́ ọ ní yunifásítì, òun ni ó sì ní òǹtẹ̀. Èmi ka ìwé girama parí, ìṣirò sì ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Èmi ni mo ń di ọ̀pá mú, èmi náà ni mo ń kọ nọ́ńbà tí ó bá pè sílẹ̀. Ọ̀pá náà ga ju ọkùnrin méjì lọ, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ṣe máa ń pè mí ní ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọn á ní, "Ẹ sá o, ọlọ́pàá ń bọ̀," kò sì ní sí ẹni tí yóò sá nínú wọn. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì máa ń wo ènìyàn títí, nítorí náà orúkọ náà bá mi lára mu.

Kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Awò ọ̀gá mi dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Bí a bá ti tò ó dáadáa, ojú rẹ̀ kì í wòkè, kì í wolẹ̀. Ọ̀ọ́kán tààrà ni ó ń wò. Èmi á kọ́kọ́ gbé ọ̀pá lé orí ìṣó kan tí a ti kàn mọ́ ibi tí ó dúró ṣinṣin, ọ̀gá á sì ka nọ́ńbà tí ojú awò bá bá pàdé lára ọ̀pá. Lẹ́yìn náà ni n ó gbé ọ̀pá lé àmì tí a ṣe sí igun ilé, òun á tún kà á. A ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ohun tí ó bá kù ni yóò sọ bí igun náà ṣe ga sí ju ìṣó lọ. Ìyàtọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wa. A kì í wọn ohun kan ní òun nìkan. Ohun méjì ni a máa ń fi wọn ara wọn. Mo ti ń sọ gbólóhùn yìí lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó wá yé mi.

Ọ̀rọ̀ ilé Àlàájà bẹ̀rẹ̀ láti ara ilẹ̀kùn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, nínú ẹ́sítéètì kan tí ó ní géètì, lẹ́bàá ojú ọ̀nà Addo. Òun àti ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ń gbé ìsàlẹ̀, àwọn ayálégbé sì wà lókè. Agbẹ̀bí ni ó jẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kí ó tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, àwọn agbaṣẹ́ṣe kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gíga kan tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọkọ̀ máa dúró sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ihò ńlá. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ènìyàn kì í gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí ó tó kan omi, nítorí náà wọ́n to ẹ̀rọ tí ń fa omi yí ihò náà ká, wọ́n ń fa omi ilẹ̀ jáde sínú gọ́tà lọ́sàn-án lóru.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìdáná Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ẹnjiníà tí ń bójú tó iṣẹ́ náà, Ẹnjiníà Dàpọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí lójú iṣẹ́. Ẹnjiníà ní kí Màmá má dara wọn láàmú, pé gbogbo ilẹ̀kùn Èkó ni í wú nígbà òjò.

Àlàájà ní, "Ilẹ̀kùn irin ni."

Ẹgbẹ́ àwọn onílé nínú ẹ́sítéètì náà dá sí i, wọ́n sì gba Ọ̀gá Fọlárìn. Ìpinnu wọn kò le láti lóye. Bí nọ́ńbà wa bá fi hàn pé ilé náà ń lọ sílẹ̀, wọn á pa ẹ̀rọ omi títí wọn ó fi fún ìpìlẹ̀ rẹ̀ lágbára. Bí kò bá lọ, iṣẹ́ á máa tẹ̀síwájú, Àlàájà kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn mọ́. Tọ̀túntòsì fara mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ewu wà fún Àlàájà. Gbogbo ohun tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó jọ láyé wọn wà nínú ilé yẹn, àwọn ìdílé mìíràn sì ń sùn sókè orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, Ọ̀gá jókòó sí pálọ̀ Àlàájà láti ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó ní a kò ní wo gíga ilé nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ó máa wá, a ó sì máa to gíga kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ó kọ ìyàtọ̀ láàárín ti òní àti ti ìgbà tí ó kọjá. Ìyàtọ̀ kìíní nìyẹn, òun ni ó ń sọ bí ilé ṣe ń yára lọ tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn náà ni a ó tún kọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìyàtọ̀ ọ̀hún. Ìyàtọ̀ kejì nìyẹn, òun ni ó ń sọ bóyá ìyára náà ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù. Bí ilé bá lọ sílẹ̀ ní mìlímítà méjì, tí ó tún lọ méjì, tí ó tún lọ méjì, ìyàtọ̀ kejì jẹ́ òfo: ó ń lọ, ṣùgbọ́n kò sáré. Bí ó bá lọ méjì, tí ó lọ mẹ́ta, tí ó wá lọ márùn-ún, ẹ̀rù ti tó bani, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò tíì rí nǹkan kan.

Àlàájà tẹ́tí títí ó fi parí. Ó ní, "Bí a ṣe ń wọn ọmọ nìyẹn."

Ó ṣàlàyé fún wa pé nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́, inú ìyá ọmọ a máa dùn bí ó bá ṣáà ti rí i pé ọmọ òun wúwo ju ti oṣù tó kọjá lọ. "Ọmọ tí ó fi púpọ̀ lé lóṣù kìíní, tí ó fi díẹ̀ lé lóṣù kejì, tí ó fi bíńtín lé lóṣù kẹta, ó ṣì ń tóbi lójú ìyá rẹ̀ o. Ní tèmi, mo ti ń wá dókítà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àlàájà, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnjiníà Dàpọ̀ ti kọ́kọ́ dábàá pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta tó fún ìwọ̀n. Nígbà tí a jáde, Ọ̀gá sọ fún mi pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí a mọ̀ pé adìẹ ń sọnù, ọdọọdún ni yóò ní kí a máa kà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ kí á máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ọwọ́ ènìyàn a máa gbọ̀n, ojú a máa ṣe bàìbàì. Ẹni tí ó bá ń wọ̀n lójoojúmọ́, ìgbọ̀n ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò máa pè ní ìrìn ilé. Àlàfo náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí ilé rìn ju ìgbọ̀n ọwọ́ lọ, kí ó sì kéré tó kí á lè tètè mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo kà á sí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i, ó di ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà fi nǹkan pamọ́.

Ibi tí a kan ìṣó wa àkọ́kọ́ mọ́ ni ilé àtijọ́ kan tí ó wà lóde géètì, ní òdìkejì ọ̀nà. Ilé ìdílé tí ó ni ilẹ̀ náà kí ẹ́sítéètì tó dé ni. Orí yanrìn tí Ọlọ́run dá síbẹ̀ ni ó wà, ibẹ̀ sì ga ju àyíká lọ. Ọ̀gá ní àwọn àgbà ìgbà náà kì í tẹ̀dó sórí ẹrẹ̀. Ìyàwó ilé kan gbà wá láàyè. Ọ̀gá kan ìṣó sí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó fi sìmẹ́ǹtì há a mọ́lẹ̀, ó sì fi ọ̀dà pupa yí i ká kí a má baà máa wá a. Olórí ìdílé náà, Bàbá Lámídì, kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn.

Igun ilé Àlàájà tí ó súnmọ́ ihò lọ sílẹ̀ ní mìlímítà méjì. Nígbà tí a padà dé, ó tún ti lọ méjì. Lẹ́yìn èyí, ó lọ mẹ́ta. Ìyàtọ̀ kejì ti kúrò ní òfo. Ọ̀gá ní kí á má tíì pariwo, pé ẹyọ kan ṣoṣo lè jẹ́ ìgbọ̀n ọwọ́; ìgbà tí ó kàn ni yóò sọ òótọ́.

Ìgbà tí ó kàn ọ̀hún ni n kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi ń ṣàìsàn ní Awoyaya, ibi tí mò ń gbé, Ọ̀gá sì mú ẹlòmíràn dání. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sọ fún mi pé àwọn ará ilé àtijọ́ náà ti lé wọn. Ọ̀dà pupa ló fa wàhálà. Ní Èkó, bí o bá jí tí o rí ọ̀dà pupa lára ilé rẹ, ohun tí o máa rò ni pé wọ́n fẹ́ wó o. Bàbá Lámídì dé, ó rí pupa lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n ha á kúrò, ó sì ní ìṣó náà ti wà nínú ọ̀sà. Ẹnjiníà Dàpọ̀ ni ó wá bá wọn wá ibòmíràn: pèpéle kọnkéré tí tiransifọ́mà ẹ́sítéètì náà wà lórí rẹ̀. Ó fẹ̀, ó nípọn, kò sì sí ìdílé kankan tí yóò bá ènìyàn jà lórí rẹ̀. Ọ̀gá kan ìṣó tuntun síbẹ̀, a sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ilé Àlàájà dúró. Ìyàtọ̀ kìíní di òfo, ó tún jẹ́ òfo nígbà tí a tún padà lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá gòkè.

N kò mọ bí ẹlòmíràn ṣe máa ń ronú, ṣùgbọ́n èmi, bí nǹkan bá ti dára jù, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni ó mú wa dé orí pèpéle yìí? Ẹnjiníà ni. Ta ni ó gbà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò sí níbẹ̀? Ọ̀gá mi ni. Ìyàwó onílé ìtajà kan nínú ẹ́sítéètì náà sì ti sọ fún mi pé òun rí àwọn méjèèjì nínú mọ́tò Ẹnjiníà. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń rojọ́; ó kàn sọ ọ́ bí ó ṣe ń bá mi wá ṣéńjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ Ọ̀gá. Bí Ẹnjiníà bá kí i, mo máa ń wo bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe gùn tó. Bí ó bá pe nọ́ńbà, mo máa ń yọjú wo ara ọ̀pá láti mọ̀ bóyá ibẹ̀ náà ni ojú awò kọ sí, bẹ́ẹ̀ n kò lè mọ̀ ọ́n láti ibi tí mo dúró sí.

Àlàájà náà ń wò wá. Tẹ́lẹ̀, bí a bá dé, omi tútù á ti wà lórí tábìlì. Lọ́jọ́ tí ilé gòkè, kò sí omi. Ọ̀gá ka nọ́ńbà náà fún un gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́, ó sì mú wa lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀kùn irin náà, ó ha ilẹ̀ títí ó fi dúró láìtì tán. Ibi tí ó ti ń ha ti di ilà funfun lórí táìlì.

Ó ní, "Ṣé ilẹ̀kùn mi ló ń parọ́ ni, àbí ẹ̀yin?"

Èmi ni Àlàájà ń wò nígbà tí ó sọ ọ́.

A jáde lọ sí ìdí tiransifọ́mà. Kí n tó tú ọ̀pá palẹ̀, Ọ̀gá yọ ohun ìwọ̀n kékeré kan tí omi wà nínú rẹ̀, èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dúró ṣánṣán. Ó fi ti ọ̀pá mi. Bí ọ̀pá bá tẹ̀, nọ́ńbà á ṣì. Ó ní kí n dúró bí mo ṣe máa ń dúró, ó sì yí mi ká ní ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà náà ni ó yé mi pé òun náà ti ń ṣọ́ mi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ mi lẹ̀ ń wò. Èmi náà ti ń wo ọwọ́ yín láti ìjọ́sí."

Ó ní, "Ọwọ́ mi ti ṣe kí ni, Ìyá Dámi?"

Mo ní, "Ẹ wọ mọ́tò ẹni tí à ń tìtorí rẹ̀ wọnlẹ̀. Ẹ gbé ìṣó síbi tí ó ní kí ẹ gbé e sí. Láti ìgbà yẹn, ilé ò lọ mọ́."

Ó ní lóòótọ́ ni òun wọ mọ́tò Ẹnjiníà. Ilé Bàbá Lámídì ni wọ́n lọ, láti lọ bẹ̀ ẹ́, bàbá náà kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ pé mo gbà. Ó rí i lójú mi. Kò bínú, tàbí kí n sọ pé kò jẹ́ kí n rí i. Ó jókòó sórí àpótí awò, ó ní kí n ka ìyàtọ̀ òní fún òun, kì í ṣe ti igun tí ó súnmọ́ ihò nìkan, gbogbo ibi tí a ti gbé ọ̀pá lé.

A ní àmì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé, a ní ọ̀kan lára ògiri ọgbà, a sì ní ọ̀kan lára ilé àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì, níbi tí ó jìnnà sí ihò dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Igun kan gòkè. Èkejì gòkè. Àwọn tí ó kù gòkè. Ògiri gòkè. Mo dé orí ilé àwọn ẹ̀ṣọ́, òun náà ti gòkè, òun gan-an ni ó sì gòkè jù.

Ọ̀gá ní, "Ta ló fún ilé ẹ̀ṣọ́ ní rìbá?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí ìyá bàbá mi lápá Eleko. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, tí n kò bá wo omi, á dà bí ẹni pé igi àgbọn etí omi ni ó ń rìn, tí àwa sì jókòó jẹ́jẹ́. Ohun tí mo rántí nìyẹn nígbà tí mo wo pèpéle tí a dúró lé. Ó fẹ̀, ó nípọn, kò lanu níbì kankan. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí a da yanrìn bò ni ó wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti gbogbo ẹ́sítéètì náà, ó sì súnmọ́ ihò ju ilé Àlàájà lọ. Bí omi ṣe ń jáde nínú ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń sún kì, pèpéle ń lọ, ilé ń lọ. Nígbà tí wọ́n jọ ń lọ bákan náà, a ní ilé dúró. Nígbà tí pèpéle yára jù ú lọ, a ní ilé gòkè.

Ọ̀gá ní, "Mo kọ́ ọ pé kí o má gbé ìṣó sórí ohun tí ó lè bá ilé tí à ń wọ̀n lọ sílẹ̀. Èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé àlàyé lásán ni gbogbo èyí. Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ wa, nítorí mìlímítà kì í hàn sí ojú lásán. Ẹ̀rí náà wà ní ilé Bàbá Lámídì, wọ́n sì ti sọ ọ́ sínú ọ̀sà.

Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi nìkan lọ bá bàbá náà, bóyá ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ṣì lè wúlò. N kò gbé ọ̀pá dání.

Bàbá Lámídì jókòó sórí àga onírọ́bà lábẹ́ òrùlé iwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò ní kí n dìde.

Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Bàbá."

"Àwọn tí kò sẹ́ni tó rán wọn ni wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ń wò káàkiri bí mo ṣe máa ń ṣe. Ohun méjì ni mo rí. Ọ̀kan ni okùn kànga. Okùn náà ti gbó, ó ti di àwọ̀ eérú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti so okùn aláwọ̀ ewé tuntun mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè gùn sí i. Èkejì ni ìkòkò amọ̀ ńlá kan tí omi àlùwàlá bàbá wà nínú rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìkòkò, àwọn àgbà a máa gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n máa ń gbé e sí. Èyí wà láàárín àtẹ̀gùn gan-an, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kọjá. Kò sí ọmọ ilé tó máa sún ìkòkò àlùwàlá bàbá láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ nínú ilé yẹn kò lè rí ìdérí tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò. Okùn ni mo bèèrè.

Ó wò mí, ó wo kànga. Ó ní omi kànga yẹn kò tíì sá rí láti ìgbà tí bàbá òun ti gbẹ́ ẹ, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ní báyìí, okùn kò kàn án mọ́. Ó ní láti ìgbà tí a ti kan irin mọ́ ẹnu ọ̀nà òun ni ó ti bẹ̀rẹ̀, pé òun kò sì mọ ohun tí a rán irin náà.

Mo sọ fún un nípa ihò àti àwọn ẹ̀rọ tí ń fa omi. Mo ní omi tí wọ́n ń dà sínú gọ́tà, ara omi kànga rẹ̀ ni. Mo ní ìyá àgbà kan wà nínú ẹ́sítéètì tí ilé rẹ̀ ń tẹ̀lé omi náà lọ, àwọn tí ń fa omi sì ní irọ́ ni. Irin tí a kàn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; òun nìkan ni ó dúró lójú kan ní gbogbo àyíká ibẹ̀, tí ó lè sọ ohun tí ń lọ.

Ó ní, "Ilé onílé ni ẹ máa kọ́kọ́ fi ọ̀dà sàmì sí, ẹ á wá ní kò sí ewu."

Mo ní, "A ò ní kun ọ̀dà mọ́, Bàbá. Ibi tí ẹ bá fi pamọ́ sí náà ni kó wà."

Nígbà tí ó gbọ́ "fi pamọ́", ojú rẹ̀ lọ sí ara ìkòkò kí ó tó gbé e kúrò níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé mo rí i. Ó sọ òótọ́ fún mi pé wọ́n gbìyànjú láti fà á tu, sìmẹ́ǹtì kò jẹ́ kó tu. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n dìde.

"Pe ọ̀gá rẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni wọ́n á fi gbé ìkòkò yẹn."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan. Ìṣó náà wà níbẹ̀, bí a ṣe fi í sílẹ̀ gẹ́lẹ́, omi ti jẹ́ kí orí rẹ̀ dípẹtà díẹ̀. Ọ̀gá to awò, mo gbé ọ̀pá lé e. A fi ìṣó yẹn wọn pèpéle tiransifọ́mà, a fi í wọn ilé Àlàájà, lójú Bàbá Lámídì tí ó ń tẹ̀lé mi láti ibì kan dé ibì kejì, tí ó ní kí n ka ara ọ̀pá fún òun náà.

Igun ilé Àlàájà ti lọ sílẹ̀ gan-an. Níwọ̀n bí ó sì ti gòkè lójú pèpéle, pèpéle ti lọ jù ú lọ. A kò lè mọ bí ilé ṣe rìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìgbà tí ìṣó wà lábẹ́ ìkòkò, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ó ti kúrò, a sì mọ ibi tí ó dé. Ọ̀gá pín in sí iye ìgbà tí ó wà láàárín. Ohun tí ó jáde ju ìlọ́po méjì mìlímítà mẹ́ta tí a rí kẹ́yìn láti orí ìṣó yìí lọ. Kì í ṣe pé ilé náà kàn ń lọ. Ó ti ń sáré.

A kò dúró de ọ̀la. Ọ̀gá lọ bá Àlàájà, ó sì fi nọ́ńbà náà hàn án. Ó wo ìyàtọ̀ kìíní, ó wo èkejì, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí àwọn ará òkè kọ́kọ́ jáde." Kí wọ́n tó kírun àṣálẹ́, àwọn ayálégbé ti ń kó ẹrù, òun náà sì lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Awoyaya.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onílé pe ìpàdé, Ẹnjiníà Dàpọ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kò burú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n bá sọ. Ó ní, "Níjelòó ẹ ní ó gòkè. Lónìí ẹ ní ó ń lọ sísàlẹ̀. Èwo ni ká gbà nínú ẹ̀?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n má gba ọ̀kankan nítorí ẹnu òun, nítorí òun ni òun gbé ìṣó sórí ibi tí ń rìn. Ó ní kí Ẹnjiníà mú awọnlẹ̀ mìíràn wá, kí ó sì lọ bẹ Bàbá Lámídì kí ó gbé ìkòkò. Wọ́n mú òmíràn wá lóòótọ́. Nọ́ńbà tiwa ni òun náà rí. Wọ́n pa ẹ̀rọ omi.

Ó gba àkókò kí ilé náà tó simi. Wọ́n fún ìpìlẹ̀ rẹ̀ lágbára ní igun yẹn, a sì ń bá wíwọ̀n lọ. Mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, òfo. Àti òfo lẹ́yìn ìyẹn, láti orí ìṣó tí kì í rìn. Àlàájà ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ọmọ kan ṣoṣo tí òun láyọ̀ pé kò fi nǹkan kan lé nìyí. Ó padà sílé rẹ̀. Omi tútù padà sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wẹ́dà fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá tún ní irọ́ ni òun ń pa, kí ó wá tì í.

N kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀gá Fọlárìn, òun náà kò sì tọrọ lọ́wọ́ mi. A ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, òun á fi ohun ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ti ọ̀pá mi, èmi á sì bi í léèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ìṣó. A máa ń dá ara wa lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní ti ìṣó ẹnu ọ̀nà Bàbá Lámídì, ó ṣì wà níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gbé wa dé àdúgbò náà, a máa lo òun, nítorí kò sí èyí tí ó dára tó o. Ṣùgbọ́n ìkòkò àlùwàlá kò kúrò lórí rẹ̀. Bàbá Lámídì ní bí òun bá ṣí i sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wá jí i. Bí mo bá dé, n ó kúnlẹ̀, òun á sì bi mí bí ẹni pé kò rí mi rí, ta ló rán mi. N ó ní kò sẹ́ni tó rán mi. Á dìde pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, á gbé ìkòkò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ orí ìṣó náà wò dáadáa. Ìgbà tí ó bá ti dá a lójú pé n kò tíì jí i ni á wá sún sẹ́yìn kí n gbé ọ̀pá lé e.